Ìkíni Ló Jó Irun Mi

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí kì í ṣe ará Kàbà máa ń yìn wá pé a mọ èèyàn kí. Bí mo bá ti gbọ́ ọ, inú á bí mi. Ìkíni yẹn ló jó irun orí mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, èmi náà sì wà níbẹ̀ tí mò ń dáhùn "Okun o," tí í ṣe "ẹ kú" tiwa.

Láwọn ọdún 1990, rílásà ni gbogbo ọmọbìnrin ń ṣe. Ẹni tó bá ṣì ń fi òwú kó irun, ìyá àgbà là ń pè é. Ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí àdúgbò wa, wọ́n lẹ àwòrán àwọn obìnrin kan mọ́ ògiri, irun wọn rọ̀, ó bo ojú kan, ojú kejì ni wọ́n fi ń wo èèyàn. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi gẹ irun mi mọ́lẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdìrì. Nígbà tí mo jáde, mo tọ́ irun yìí bí ẹni tọ́ ọmọ: mò ń fi àdí pa á, mò ń fi gèlè dì í bí mo bá ń lọ sóko. Mo ti gbàwé sílé ẹ̀kọ́ gíga, Mọ́ńdè ni mò ń lọ. Mo búra pé mi ò ní gbé orí ọmọ iléèwé débẹ̀.

Ní Sátidé, onídìrí fi fasilín pa ẹ̀bá orí mi, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó kun rílásà láti ìpàkọ́ dé iwájú. Ó ní, "Tó bá ti ń ta ọ́, wí o. Kò gbọdọ̀ pẹ́."

Kò pẹ́ tó fi ń ta mí. Mo la ẹnu báyìí kí n wí, ni bàbá ọkọ rẹ̀ bá yọ láti ọ̀nà oko, ọkọ́ léjìká.

Onídìrí kúnlẹ̀. Èmi ńkọ́? Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, mo kúnlẹ̀ tòun ti rílásà lórí.

"Okun uṣẹ́ o," ni bàbá wí.

"Okun o, Bàbá."

"Okun ulé o."

"Okun o, Bàbá."

Ẹni tí kò mọ̀ wá á rò pé ó ti parí. Bàbá béèrè ọmọ, wọ́n béèrè ọkọ, wọ́n béèrè ìyá mi àti iṣu rẹ̀. Orí mi ti ń jó. Mo wo onídìrí, onídìrí ń wo ilẹ̀. Ta ni yóò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu bàbá ọkọ? Ìgbà tí bàbá rí omijé lójú mi, àánú mi ṣe wọ́n. "Okun, ọmọ mi," ni wọ́n wí, torí okun kan náà la fi ń sọ pé pẹ̀lẹ́, wọ́n bá kúkú bẹ̀rẹ̀ àdúrà.

"Ọlọ́run á tu orí yín lára."

"Àmín." Mi ò ṣe àmín tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Nígbà tí a máa fi fọ̀ ọ́, irun ń tú sọ́wọ́ onídìrí bí ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n rì bọ omi gbígbóná. Ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ mí. Abẹ ló kù tí wọ́n fi fá ìyókù. Ní Mọ́ńdè, ẹni tó kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló kú.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo fi ń bínú sí bàbá yẹn, tí mo sì ń bínú sí onídìrí. Lóṣù tó kọjá, mo ń ròyìn rẹ̀ fún ọmọbìnrin mi, tí kò jẹ́ kí rílásà kan òun lórí rí, ni mo bá tún gbaná jẹ. Ó gbọ́ ọ tán, kò rẹ́rìn-ín.

"Màámi, ṣé omi ò sí nítòsí ni?"

Mo ní kó panu mọ́. Omi wà. Garawa méjì ló kún dẹ́nu, ọ̀kan fara kan orúnkún mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí.