Ọ̀kùn Mẹ́jọ Tí Ọ̀rẹ́ Mi Sẹ́

Ẹni tó bá ń tún rédíò ṣe ní Ṣábẹ nígbà yẹn, orúkọ rere nìkan ni ọjà tó ní. Ènìyàn á gbé rédíò rẹ̀ láti Okpara tàbí Adido, á fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì mọ ohun tí o máa yọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Parakou fi fún mi lófin kan: ohunkóhun tí o bá yọ nínú ẹ̀rọ, dì í sínú bébà, kí o dá a padà lójú ẹlẹ́rìí. Ó máa ń sọ pé ẹni tó ni ẹ̀rọ ló ni òkú rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi pa òfin náà mọ́ nínú ìsọ̀ mi ní àdúgbò Plateau, mo sì rò pé ó tó láti gbà mí.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan, olùkọ́ ìṣirò, ọmọ apá Pobè tí ìjọba gbé wá sí kọlẹ́ẹ̀jì wa. Kò mọ ẹnikẹ́ni níbí. Èmi ni mo bá a wá ilé, èmi ni mo fa iná wọ yàrá rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì ti ń jẹun ọ̀sán ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tó ku ọdún díẹ̀ kí ìjọba ológun tó ń pe ara wọn ní kàmáràdì kógbá sílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Faransé fi ọ̀dínatọ̀ kékeré kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà, ránṣẹ́ sí i. Kò tóbi ju Bíbélì ńlá lọ, bọ́tìnnì kún orí rẹ̀, tẹlifísọ̀n la ń so ó mọ́ ká tó rí ohun tó ń kọ, kásẹ́ẹ̀tì la sì fi ń kó iṣẹ́ sí i nínú. Mi ò mọ ẹlòmíràn tó ní irú rẹ̀ ní Ṣábẹ. Èmi tí mi ò ka ìwé kọjá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èmi ni mo yí orí tó ń ka kásẹ́ẹ̀tì náà díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀rọ fi gbọ́ ohun tó ń wí. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ agbárí ẹ̀rọ náà, ibi tó ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, kéré. Olùkọ́ ń kọ iṣẹ́ kan sí i tí yóò máa to máàkì àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Bó bá dé ìdajì, ẹ̀rọ á ní òun ti yó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá tún fi ẹ̀yà tuntun mẹ́jọ ránṣẹ́ láti fi mú agbárí náà tóbi sí i, pẹ̀lú lẹ́tà pé kó tọ́jú mẹ́jọ àtijọ́ de òun. Ẹ̀yà dúdú pẹlẹbẹ ni wọ́n, ẹsẹ̀ wọn pọ̀, ọ̀kùn ni mò ń pè wọ́n. Odindi ọjọ́ kan ni mo fi yọ́ òjé ẹsẹ̀ àwọn àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí mo sì fi àwọn tuntun rọ́pò wọn. Mo di mẹ́jọ àtijọ́ sínú bébà, mo sì kó wọn lé ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́ níwájú ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ àti òfin rẹ yìí!" Ó rẹ́rìn-ín, ó tì í bọ àpò.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni àìsàn dé. Bí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́ fún bí ìlàjì wákàtí, lẹ́tà á fọ́n káàkiri ojú tẹlifísọ̀n, bọ́tìnnì kankan ò ní dáhùn mọ́. Mo gbé e lọ sí ìsọ̀, ó ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mo dá a padà, mo jókòó tì í, ó ń ṣiṣẹ́. Mo yí ẹ̀yìn padà, ó kú. Mo wọn iná ilé, mo pààrọ̀ wáyà, mo tún òjé jó. Ó wá dà bíi pé ẹ̀rọ náà ń ṣe ojú ayé fún mi.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n fi ti Faransé dé fún ìsinmi. Ẹ̀rọ kú lójú òun náà, ó ní kí wọ́n pè mí. Mo bá aládùúgbò mẹ́ta ní pálọ̀, wọ́n wá kí i káàbọ̀.

"Àwọn tuntun tí mo fi ránṣẹ́, ṣé o fi wọ́n síbẹ̀?"

"Mo fi wọ́n síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n."

"Àwọn àtijọ́ wá ńkọ́?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Mo nawọ́ sí ọ̀rẹ́ mi. "Ọwọ́ rẹ̀ ni mo kó wọn sí."

Ọ̀rẹ́ mi ń wo bàtà rẹ̀. "Kò kó nǹkan kan fún mi."

Mo wo ìyàwó rẹ̀. Ó kó ife tó wà nílẹ̀, ó wọlé lọ.

"Ọ̀rẹ́ mi, rántí dáadáa. O tì í bọ àpò."

"Mo ní kò kó o fún mi."

"Ó ti yé mi," ni ẹ̀gbọ́n wí. "O ti tà wọ́n. Ta ló mọ̀ bóyá o ti ta àwọn tuntun náà mọ́ wọn? Abájọ tó fi ń kú."

Ọ̀rọ̀ náà dé ọjà kí n tó dé ìsọ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ènìyàn ti ń wá gbé rédíò tí mi ò tíì tún ṣe. Àgbẹ̀ kan láti Okpara tú ẹ̀yìn rédíò tirẹ̀ lójú mi, ó ń ka ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mí ju kí ó gbá mi létí lọ.

Ìbínú ló gbé mi padà sí ilé olùkọ́. Ìyàwó rẹ̀ sá ègé ẹ̀gẹ́ kún iwájú ilé, mo bá gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọn ò gbúròó mi. Ẹ̀gbọ́n wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń tẹ̀ ẹ́. Aṣọ kroṣé funfun tí ìyàwó fọwọ́ ara rẹ̀ hun, irú èyí tí gbogbo wa fi ń bo rédíò àti tẹlifísọ̀n nítorí eruku, òun ló bo ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀. Bọ́tìnnì nìkan ni wọ́n ṣí sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ilé o." Ìyàwó sáré wọlé, ó fa aṣọ náà kúrò. Ohun tó máa ń ṣe nìyẹn bó bá ti gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ọ̀nà, kí ọwọ́ mi tó dúdú má bàa ba aṣọ jẹ́.

Mo fọwọ́ kan ikùn ẹ̀rọ náà, mo sì yára mú un kúrò. "Ẹ fi aṣọ bò ó lẹ́nu, ooru ló ń pa á." Wọ́n tàn án láìsí aṣọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò kú.

"Bọ́ọ̀n, ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n wí. "O mọṣẹ́. Àmọ́ mẹ́jọ àtijọ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ." Ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀. Ó ń ká aṣọ kroṣé náà.

Ìgbà tí ẹ̀gbọ́n ti padà sí Faransé ni ọ̀rẹ́ mi tó wá sí ìsọ̀ mi. Ó ní òun ti kó àwọn ọ̀kùn náà fún ẹnìkan ní Parakou tó ní irú ẹ̀rọ òun, òun ò rántí lẹ́tà. Ẹ̀gbọ́n òun ló ń bọ́ ìyá àwọn, ẹ̀rù ló ba òun.

"Ó dáa. Wá bá mi sọ ọ́ fún àwọn aládùúgbò mẹ́ta yẹn."

"Ó máa dé etí ẹ̀gbọ́n mi."

"Èmi ńkọ́?"

"Ìwọ, ọmọ ìlú ni ọ́. Wọ́n á gbàgbé."

Wọn ò gbàgbé. Òun ni ìjọba gbé lọ sí ìlú mìíràn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, òun àti ẹ̀rọ rẹ̀.

Mo ra kàyé kan, ìwé àkọsílẹ̀. Ẹni tó bá gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé òun ti gba òkú rẹ̀. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò yà sọ́dọ̀ mi mọ́, àbúrò bàbá mi obìnrin gbé rédíò rẹ̀ wá láti Adido. Òun ló ń gbé oúnjẹ wá fún mi nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́. Mo tún un ṣe, mo di ohun tí mo yọ, mo sì ṣí kàyé síwájú rẹ̀.

Ó wò ó, ó wò mí. "Ọmọ mi, èmi náà?"

Mo ti páàdì yíǹkì sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó tẹ àtàǹpàkò, ó nù ún mọ́ ìró rẹ̀, ó gbé rédíò rẹ̀ lọ. Nígbà tó tún bà jẹ́, mo gbọ́ pé ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ní Tchaourou ló gbé e lọ.