Ìbomú Oníṣẹ́jú Mẹ́rin

Kápẹ́ńtà tó ń kan òrùlé ni ẹ̀gbọ́n, kí òrùlé kan tó jù ú sílẹ̀. Òjò ti ṣú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ní ìṣó mẹ́ta péré ló kù, kò sọ̀kalẹ̀. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò ti gbé e mọ́, tó wá di ará inú ilé.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù nílùú mìíràn, ló fi géèmù kan hàn án lórí ayélujára. Ayé tó ti bàjẹ́ ni ayé inú géèmù ọ̀hún: ìjì eérú ń gba èémí lẹ́nu èèyàn, òtútù sì ń pa ẹni tí kò bá rí igi dáná. Ẹ̀mí kan ṣoṣo ni olúkúlùkù ní. Ibẹ̀ ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò ti ń ríra ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ bí ẹni jókòó sẹ́nu ọ̀nà kan náà. Oṣù méje ni wọ́n fi kọ́lé síbẹ̀.

Ẹni ejò bù jẹ rí, bó rí ekòló, a sá. Ẹ̀gbọ́n kì í jáde láìkọ́kọ́ ka ìṣẹ́jú tó kù lórí ìbomú tó fi ń mí nínú eérú.

"Ẹ̀yin yìí," àbúrò a fi ṣe yẹ̀yẹ́, "ẹ ó wọn omi kẹ́ ẹ tó mu ún!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àbúrò lọ ṣẹ́gi. Ìjì ká a mọ́ ìta, ìbomú rẹ̀ sì tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti ń rí ògiri wa fírífírí. Ẹ mú ìbomú yín wá, ká jọ lò ó."

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù nínú rẹ̀. Àlọ nìkan á gba mẹ́ta nínú ìjì. Bó bá lọ, àwọn méjèèjì ló máa kú. Ẹ̀gbọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn, kò ṣí i.

"Kò ní tó," ló sọ.

Èèyàn àbúrò nínú géèmù kúnlẹ̀ sínú eérú, ó dojú bolẹ̀, ó kú.

Àbúrò kò wọlé síbẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹ̀gbọ́n pè é lórí fóònù.

"Ṣé o ń bínú ni? Ká ní mo lọ, àwa méjèèjì là bá kú."

"Mo mọ̀. Òótọ́ lẹ sọ." Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń kùn lábẹ́ ohùn rẹ̀. "Àmọ́ eré ni, ẹ̀gbọ́n mi. Eré lásán, ẹ ò sì lè wá."

Àbúrò ní òun ti débi tóun fẹ́ já ẹrù, ó dágbére.

Ẹ̀gbọ́n ṣì ń wọ ayé eérú náà lójoojúmọ́. Oúnjẹ kún àká, igi kún ẹ̀yìnkùlé. Kò tíì kú. Òun nìkan ló ń yáná.