Tábìlì Tí Wọ́n Ta Òróró Sí

Nígbà tí mo kúrò ní yunifásítì pẹ̀lú oyè nínú fìlọ́sọ́fì, mo rò pé ilé ayé ń retí mi. Kò retí mi. Mo kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ títí ọwọ́ fi ń ro mí. Mo ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Agbowó, níbi tí wọ́n ti ń fi ìrètí sanwó oṣù. Nígbà tó wá di pé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Bódìjà, tí mò ń gbé yàrá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi ní "Kú ìrònú o" láràárọ̀, mo mọ̀ pé ó ti tó àsìkò kí n kọ́ nǹkan tó ṣeé fọwọ́ kàn.

Báyìí ni mo ṣe padà di akẹ́kọ̀ọ́, pẹ̀lú ewú díẹ̀ nínú irùngbọ̀n, ní ibùdó kan ní Ring Road tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ tó ń gé irin, àti bí a ṣe ń yẹ irin tó bá gé wò bóyá ó péye.

Pátákó ibùdó náà tóbi. Oyè ẹni tó ni ibẹ̀ ló kún un: Olóyè, Dókítà, Ẹnjiníà, Díákónì, àti àwọn lẹ́tà kan lẹ́yìn orúkọ tí mi ò tíì rí ẹni tó lè túmọ̀ wọn. Nígbà tí wọ́n fi máa kọ gbogbo rẹ̀ tán, ìsàlẹ̀ pátákó nìkan ló ṣẹ́ kù fún iṣẹ́ tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀, koríko sì ti bo ìsàlẹ̀ náà. Alága là ń pe bàbá yìí. Ó yá, ó sì rọrùn fún ahọ́n.

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo la ní. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó yàrá mi ní Bódìjà, ó sì ní fèrèsé gíláàsì tí èèyàn ń gbà wo ọ̀bẹ rẹ̀ níbi tó ti ń bá irin jà. Èèyàn á kọ lẹ́tà àti nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ìlà tẹ̀lé ìlà: lọ síbí, sọ̀kalẹ̀ tó báyìí, gé e, gòkè padà. Ohun tó kọ́kọ́ wù mí lára rẹ̀ ni pé kì í jiyàn. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù náà nìyẹn. Bí o bá ṣèèṣì ní kó gún ara rẹ̀ lọ́bẹ, á gún ara rẹ̀ lọ́bẹ, ọ̀bẹ á dá, Tíṣà á sì dìde lórí àga rẹ̀ pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun tó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́.

Tíṣà yìí ló ń kọ́ wa. Ilé-iṣẹ́ tó ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ti di ṣọ́ọ̀ṣì báyìí. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí iná bá lọ, tí kò sì sí epo nínú jẹnẹrétọ̀, á ní, "Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé," a ó sì jókòó, a ó máa fi bírò gé irin. Irin tí mo gé nínú ìwé lọ́dún yẹn ì bá kọ́ afárá.

Ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ̀rọ wà ni yàrá tí a ti ń wọn irin. Tábìlì òkúta dúdú kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ní kò sí ohun tó tẹ́jú tó o ní gbogbo Ìbàdàn. Mi ò bá wọn jiyàn, mo mọ àwọn ọ̀nà wa. Orí òkúta yìí la ń gbé gééjì sí, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń ka gíga nǹkan. A ó fi ẹnu gééjì kan etí òkúta, a ó dá nọ́ńbà rẹ̀ padà sí òdo. Lẹ́yìn náà la ó gbé irin tí a gé sí àárín tábìlì, ká fi ẹnu gééjì kan orí rẹ̀, ká wo iye tó bá sọ.

Wọ́n ti ṣí ibùdó náà kí n tó débẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló ròyìn ọjọ́ náà fún mi. Àáfà kan wá, nítorí mọ̀lẹ́bí ìyá Alága. Pásítọ̀ kan wá, nítorí Alága fúnra rẹ̀. Àáfà ṣàdúrà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nu ojú ara rẹ̀, ó sì lọ. Pásítọ̀ ní tirẹ̀ ta òróró, ó fi àtàǹpàkò fa àgbélébùú kan sí àárín tábìlì òkúta gẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó nù ún. Eruku ọyẹ́ bà á, èérún irin bà á, ó gbẹ, ó sì le mọ́ ojú òkúta. Alága wá pàṣẹ pé orí ibẹ̀ gan-an ni ká máa gbé gbogbo irin sí ká tó wọ̀n ọ́n, kí ìbùkún lè bà lé e.

Ìbùkún bà lé e. Gbogbo irin tí a gé ló ń ga ju bó ṣe yẹ lọ, pẹ̀lú ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan. Ìyẹn ò tó ìdajì bí irun orí kan ṣe nípọn tó, ṣùgbọ́n irun orí máa ń sọni di ẹni ìkọ̀sílẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Tíṣà ò bá ẹnikẹ́ni fà á. Ó wọ inú ọpọlọ ẹ̀rọ lọ, ó kọ iye náà pamọ́ síbẹ̀, kí ẹ̀rọ lè máa gé e kúrò fúnra rẹ̀, ohun yòówù kí ẹnikẹ́ni nínú wa kọ. Láti ìgbà náà, irin wa ń yege. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé wọ́n kúrú. Orí òróró nìkan ni wọ́n ti pé.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà láàárín wa tó kàwé nípa ẹja títí ó fi gba oyè, tó sì ń gbé ní Ẹlẹ́yẹlé, níbi tí àwọn tí kò kàwé ti ń pa ẹja. Òun ló sọ iye tí ẹ̀rọ ń gé kúrò yẹn ní ìdámẹ́wàá.

"Ẹ̀rọ yìí sàn jù mí lọ," ló wí. "Kò sẹ́ni tó wàásù fún un, ó ń san án."

Nígbà tí ẹ̀kọ́ wa ń parí lọ, ilé-iṣẹ́ kan ní Challenge, tó ń ṣe ìdérí ìgò, ránṣẹ́ pé àwọn ń wá ẹnì kan ṣoṣo. Kí kálukú gé irin kan bí àwòrán tí àwọn fi ránṣẹ́, kó gbé e wá, àwọn á wọ̀n ọ́n lórí tábìlì tiwọn. Mo fẹ́ iṣẹ́ yẹn. Kì í ṣe irú ìfẹ́ tí wọ́n ń kọ sínú ìwé ìwáṣẹ́. Mo fẹ́ ẹ bí ẹni tó ti dúró pẹ́ ṣe ń fẹ́ àga. Mo fẹ́ ní kọ́kọ́rọ́ ilé tí kì í ṣe ti ọkọ ẹ̀gbọ́n mi.

Mo lọ bá Tíṣà.

"Sà, tábìlì tiwọn ò ní òróró."

"Mo mọ̀."

"Irin wa á kúrú níbẹ̀."

"Mo mọ ìyẹn náà."

"Ṣé ká nu tiwa ni?"

"Ta ni 'a' yẹn?"

Mo lọ bá Alága nínú ọ́fíìsì rẹ̀, níbi tí fọ́tò òun àti àwọn èèyàn ńlá ti gba gbogbo ògiri.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìdọ̀tí díẹ̀ wà láàárín tábìlì òkúta yẹn."

"Ìdọ̀tí báwo?"

"Òróró tó ti gbẹ, sà."

"Òróró ló wá ń jẹ́ ìdọ̀tí? Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní fìlọ́sọ́fì nìyẹn?"

"Rárá, sà. Ó ń jẹ́ kí irin ga ni."

"Ohun tó ń gbé nǹkan ga, kí ló burú níbẹ̀?"

"Àwọn ará Challenge fẹ́ fi tábìlì tiwọn wọ̀n ọ́n ni, sà."

"Kí wọ́n lọ yẹ tiwọn wò. Tiwa yìí, a gbàdúrà sí i."

Mo dúpẹ́, mo jáde. A gé irin wa, wọ́n yege lórí òróró, a sì kó wọn lọ sí Challenge. Alága wà nínú jíìpù rẹ̀ níwájú, àwa àti Tíṣà wà nínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn.

Obìnrin ẹnjiníà kan ló gbà wá, tó wọ bàtà iṣẹ́, tó sì so ìborùn mọ́ abẹ́ àgbọ̀n. Ó gbé irin wa sórí tábìlì tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó wọ̀n wọ́n tán, ó tún wọ̀n wọ́n.

"Gbogbo wọn kúrú," ló wí. "Iye kan náà ni gbogbo wọn fi kúrú. Àwọn òṣìṣẹ́ mi gan-an kì í ṣe àṣìṣe tó dọ́gba báyìí. Kí lẹ ṣe?"

Alága wú ikọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ooru Ring Road yàtọ̀ sí ti Challenge. Obìnrin náà ń wò ó. Bí èèyàn bá rọra rìn, òógùn ò tíì ní yọ lára rẹ̀ tó fi máa ti Ring Road dé Challenge. Tíṣà gbójú sókè, ó ń wo fáànù. Mo ro ti iṣẹ́ náà, mo la ẹnu.

"Tábìlì wa ló ní òróró àdúrà láàárín, mà."

Alága wò mí bí ẹni tí mo bọ́ṣọ lára rẹ̀ láàárín ọjà. Obìnrin náà ò rẹ́rìn-ín.

"Àwa náà pe pásítọ̀ nígbà tí tiwa dé," ló wí. "Òkè ilẹ̀kùn la bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ta á sí. Kò sẹ́ni tó ń fi òkè ilẹ̀kùn wọn nǹkan." Ó kó irin wa padà fún wa. "Ẹ lọ nu tábìlì yín, kí kálukú gé òmíràn. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ wá ku ẹni tó máa nù ún. Alága ní irú òun kọ́ ló ń fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tíṣà ní ìyàwó òun lóyún lọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ mi ará Ẹlẹ́yẹlé ní alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá òun, bó bá gbọ́, oúnjẹ òun nílé ti tán nìyẹn. Gbogbo wọn wá yíjú sí mi.

"Ọ̀mọ̀wé," ni ọ̀rẹ́ mi wí, "ṣebí ìwọ lo ò gba nǹkan kan gbọ́."

Mo mú àkísà. Mo da spírítì sí i. Mo dúró ti tábìlì náà, mo sì rántí gbogbo ohun tí mo ti sọ ní ilé ọtí ní Agbowó nípa àwọn tó ń bẹ̀rù òróró. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé mi ò níṣẹ́, mi ò sì níyàwó, bí nǹkan mìíràn bá sì tún ṣe mí lẹ́yìn èyí, mi ò ní lè mọ̀ dájú pé kì í ṣe àkísà yìí ló fà á. Mo dúró síbẹ̀ títí spírítì fi gbẹ lára àkísà.

"Ó dáa," ni ọ̀rẹ́ mi wí. "A ti mọ ibi tí fìlọ́sọ́fì parí sí."

Pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n padà ránṣẹ́ pè. Ó dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo àárín tábìlì.

"Kí nìyí?"

"Òróró yín ni, Dádì," ni Alága dáhùn.

"Láti ìgbà yẹn? Kí ló dé tí ẹ ò nù ún? Àdúrà ti gòkè lọ lọ́jọ́ náà. Èyí tó kù níbí, òróró lásán ni." Ó gba àkísà lọ́wọ́ mi, ó nu tábìlì títí ó fi mọ́, ó sì bèèrè ibi tí òun ti lè fọwọ́. Alága ní, "Àmín."

Kí ẹnikẹ́ni má bàa tún sọ tábìlì mímọ́ yìí di ìdọ̀tí, Alága ti yàrá náà pa, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ sílé. A ní tábìlì tó mọ́ jù lọ ní Ìbàdàn, kò sì sí ọ̀nà tí a lè gbà wọn ohunkóhun lórí rẹ̀.

A ń gé irin tiwa bí iná bá ṣe gbà. Nígbà tó kàn mí, mo jókòó, mo rò ó dáadáa, torí pé ohun tí mo kàwé fún nìyẹn. Tábìlì ti mọ́, ṣùgbọ́n ìdámẹ́wàá ṣì wà nínú ọpọlọ ẹ̀rọ. Bí mo bá ní kí ẹ̀rọ gé irin bó ṣe yẹ, á yọ tirẹ̀ lára rẹ̀, irin á kúrú. Nítorí náà, mo fi ìdá mẹ́ta náà kún un nínú àṣẹ tí mo kọ, kí ẹ̀rọ lè rí nǹkan gé kúrò, kó sì ku iye tó péye. Mo rò pé kálukú á ti ro irú rẹ̀. Inú mi dùn. Ọjọ́ náà nìkan ni mo sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn.

A padà sí Challenge. Obìnrin ẹnjiníà wọn irin ọ̀rẹ́ mi, ó mi orí, ó gbé e sí apá kan. Ó wọn ti àwọn yòókù, ọ̀kan ti ya létí, ihò ọ̀kan ti wọ́. Ó wọn tèmi.

"Èyí ga," ló wí. "Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún."

Ó yí irin náà wò lábẹ́ iná.

"Ó mọ́, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dáa. Ó sì sàn kó ga ju kó kúrú lọ, èyí tó ga ṣì ṣeé gé. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo la fẹ́." Ó dá a padà fún mi, ó sì ní kí ọ̀rẹ́ mi tẹ̀ lé òun wọ ọ́fíìsì.

Nígbà tó jáde, mo bi ọ̀rẹ́ mi léèrè ohun tó ṣe sí ìdámẹ́wàá.

"Mi ò ṣe nǹkan kan sí i," ló wí. "Mo kọ ohun tó wà nínú àwòrán. Ṣé ó yẹ kí n ṣe nǹkan ni?" Ojú ń tì í díẹ̀, ayọ̀ sì ń bo ìtìjú náà. Mo kí i kú oríire, mo sì fẹ́ kó jẹ́ òótọ́ láti inú mi. Ó sún mọ́ òótọ́.

Alága ti gbéra. Èmi àti Tíṣà dúró lẹ́bàá títì, a ń wá takisí tó ń lọ sí Mọ́kọ́lá, nínú oòrùn.

"O fi kún un, àbí?" ni Tíṣà wí.

"Mo rò pé ìdámẹ́wàá ṣì wà nínú ẹ̀rọ ni, sà."

"Mo ti yọ ọ́ kúrò lọ́jọ́ tí pásítọ̀ nu tábìlì."

"Ẹ ò sọ fún wa, sà."

"Ẹnikẹ́ni ò bi mí." Kò sọ ọ́ tìjàtìjà. Ó ń wo inú ọkọ̀ tó ń bọ̀ bóyá àyè wà.

Ẹnì kan ló lè gbà. Mo ní kí Tíṣà wọ̀ ọ́, àgbà ni. Kò bá mi jiyàn. Mo dúró de òmíràn, irin náà sì wà lọ́wọ́ mi, ó ti ń gbóná nínú oòrùn. Mo gbé e sókè, mo wò ó lápá ọ̀tún, mo wò ó lápá òsì. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fojú mọ̀ pé ó ga.