Pọ́ǹpù Ojúlówó Yínúsà Arẹ̀mú

Kò sí ohun kan lára ọkọ̀ Yínúsà Arẹ̀mú tí kì í ṣe ojúlówó. Ó máa ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró pẹ́ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, àwọn ènìyàn kò sì dúró pẹ́ mọ́. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe awakọ̀ ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan ní Apapa. Nígbà tó fẹ̀yìntì, wọ́n ta ọkọ̀ aláwọ̀ eérú tó ń wà fún un. Omoefe, ìyàwó rẹ̀, ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, Ọlámidé, ọmọ náà sì wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Kirikiri. Nínú yàrá méjì tí Yínúsà ń gbé ní Ajégúnlẹ̀, kò sí ẹlòmíràn tó ń mí níbẹ̀ àfi òun.

Ohun tó gbé Ọlámidé dé ẹ̀wọ̀n kò ṣòro láti sọ, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yà ọkọ̀ ló ń tà. Ó máa ń ra páàlí òfìfo lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì, páàlí tí orúkọ ilé iṣẹ́ ńlá wà lára rẹ̀. Yóò kó pádì bíréèkì tí kò lórúkọ sínú rẹ̀, yóò lẹ ẹnu rẹ̀ pa, yóò sì tà á bí ojúlówó. Bọ́ọ̀sì kan tó lo ọ̀kan nínú wọn kò lè dúró ní ìsàlẹ̀ afárá, ó sì rún ẹsẹ̀ obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì. Adájọ́ fún Ọlámidé ní ọdún méjì. Kò pọ̀ jù.

Gbogbo àdúgbò ló ń wò nígbà tí ọlọ́pàá ń wọ́ ọ jáde. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ti ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n ń ṣẹ́ èpè. Yínúsà ju síìmù rẹ̀ nù, ó ra òmíràn. Kò fún ọmọ rẹ̀ ní nọ́ńbà tuntun náà. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lọ wò ó, nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n tú u sílẹ̀.

Ọlámidé bi í pé, "Bàbá mi, ṣé ẹ máa wá lọ́jọ́ náà?"

"Èmi fúnra mi ni mo máa wá gbé ọ. Má wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Má fẹsẹ̀ rìn wọ àdúgbò. Wàá bọ́ aṣọ yẹn sílẹ̀, wàá wọ tuntun tí mo bá mú wá, a ó gbé gíláàsì sókè, a ó wọlé."

"Mi ò ní fóònù o."

"Kí lo fẹ́ fi fóònù ṣe? Mo ní mò ń bọ̀. Dúró sí ẹnu géètì."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní àdúgbò náà. Ẹni tó bá ti ẹ̀wọ̀n dé kì í dá rìn wọlé lójú àwọn tó rí i nígbà tí wọ́n ń mú un lọ. Ará ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ mú un wá. Ẹni tí kò bá rí ẹni lọ mú un, àdúgbò ti mọ ohun tí ilé rẹ̀ ń sọ nípa rẹ̀. Òun náà ti mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n máa tú u sílẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ náà kú sójú ọ̀nà bí Yínúsà ṣe ń ti ibi tó ti lọ fọ̀ ọ́ bọ̀. Goodluck, mẹkáníìkì rẹ̀, fi etí ti ẹ̀gbẹ́ táǹkì nígbà tí Yínúsà ń yí kọ́kọ́rọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan.

"Pọ́ǹpù tó ń fa epo lọ sí ẹ́ńjìnnì ti kú, Baba. Sùn-un-re o."

"Tún un ṣe."

"Wọn kì í tún un ṣe. Wọ́n máa ń sin ín ni."

Àwọn méjèèjì jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Adaobi ní Apapa, nítorí mẹkáníìkì kì í jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ dá lọ ra ẹ̀yà ọkọ̀. Ibẹ̀ ni òun náà ti ń jẹ. Adaobi gbé pọ́ǹpù méjì síwájú wọn. Àkọ́kọ́ jẹ́ Bẹ́líjíọ̀mù: ojúlówó ni, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ àlòkù ni wọ́n ti tú u ní òkè òkun. Èkejì jẹ́ Táíwàn: bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe gbogbo ẹ̀yà tuntun tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló ṣe é, ibi yòówù kó ti wá.

"Bẹ́líjíọ̀mù yẹn, mi ò mọ ọjọ́ orí ẹ̀," Adaobi wí. "Ohun tó bá sì ti ń lo iná, tí mo bá ti tà á, mi kì í gbà á padà. Ẹ mú Táíwàn, Baba. Mo ti tà á fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kò sẹ́ni tó padà wá bú mi."

"Ojúlówó tuntun ńkọ́?"

"Ó wà nínú kọ̀ǹténà. Kọ̀ǹténà wà ní pọ́ọ̀tù. Pọ́ọ̀tù wà lọ́wọ́ Ọlọ́run."

"Ìgbà wo ló máa jáde?"

"Agẹ́ńtì mi ní ọ̀la ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti ṣiṣẹ́ ní Apapa, ẹ mọ ọ̀la agẹ́ńtì."

Yínúsà fi ìka kan ti Táíwàn náà sẹ́yìn, bí ẹni ń ti ẹja tó ti jẹrà. "Ayédèrú kò ní wọ ọkọ̀ mi."

Ojú Adaobi yí padà. "Ayédèrú kọ́ o. Ẹ wo ara páàlí, ohun tó ń jẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èyí tó bá ń jẹ́ orúkọ olórúkọ ni ayédèrú. Ṣé mo pè é ní ojúlówó fún yín?"

"Ohun tí kì í bá ti ṣe ojúlówó, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

"Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Baba, no vex. Ẹni tó parọ́ ni wọ́n gbé lọ sí Kirikiri. Wọn ò gbé Táíwàn lọ."

Gbogbo ọjà ló mọ ọ̀rọ̀ Ọlámidé. Goodluck wo ilẹ̀.

"Òun ni mo fẹ́ lọ mú lọ́jọ́ Jímọ̀," Yínúsà wí. "Mi ò ní fi irú ohun tó sọ ọ́ di ẹlẹ́wọ̀n gbé e wálé." Ó sanwó ojúlówó, ó ní òun máa dúró dè é.

Ó dà bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Irọ́ ni ọmọ rẹ̀ pa. Ohun tí Adaobi gbé kalẹ̀ kò pa irọ́ kankan. Ẹni tó ti pẹ́ nídìí ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ náà dájú. Kò fẹ́ mọ̀ ọ́n ni. Ó rọrùn fún un láti máa bínú sí pọ́ǹpù ju kó jókòó ti ọmọ rẹ̀ kó sì bá a sọ̀rọ̀.

Ní Ọjọ́rú, kọ̀ǹténà kò jáde. Yínúsà gbá yàrá kejì, ó gbé bẹ́ẹ̀dì sínú oòrùn, ó ra ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò, ó sì lọ̀ wọ́n. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ló ń bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, kọ̀ǹténà kò jáde. Goodluck wá bá a ní ìrọ̀lẹ́.

"Baba, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Kirikiri kò jìnnà."

"Kẹ̀kẹ́ ò ní gíláàsì. Gbogbo àdúgbò máa rí i."

"Ṣé wọn ò mọ ojú ẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni? Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n lọ gba Táíwàn yẹn wá. Tí ojúlówó bá dé, màá tú u, màá fi ti yín sí i. Mi ò ní gba kọ́bọ̀."

"Mo ti sọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ ò ní táyà, Baba. Kò lè gbé èèyàn."

Ní àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Adaobi pè é pé kọ̀ǹténà ti fẹ́ jáde. Yínúsà kó aṣọ ọmọ rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó jáde sí títì. Ọ̀nà Kirikiri wà níbẹ̀, ọ̀nà Apapa náà wà níbẹ̀. Apapa ló lọ. Kẹ̀kẹ́ ló wọ̀.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ṣọ́ọ̀bù náà, ó gbé ọ̀rá aṣọ lé itan. Àwọn ènìyàn ń wọlé, wọ́n ń ra Táíwàn, wọ́n ń lọ.

"Baba, ẹ lọ dúró tì í níbẹ̀," Adaobi wí. "Tí pọ́ǹpù bá dé, màá fi ránṣẹ́ sí Goodluck."

"Ọkọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ gbé wá."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Yínúsà fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pe ìrun Jímọ̀, àwọn ará ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí lọ, wọ́n kírun, wọ́n dé, ó ṣì jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ akẹ́rù dé. Adaobi fọ́ ẹnu páàlí lójú rẹ̀. Ó yẹ ara pọ́ǹpù náà wò dáadáa. Ojúlówó ni. Ó gbé e lọ fún Goodluck, ìyẹn sì dè é mọ́ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohùn rẹ̀ tutù.

Wọ́n ti kírun àlàásárì tán nígbà tó dé Kirikiri. Kò sí ẹnikẹ́ni ní ẹnu géètì àfi wọ́dà kan.

"Ọlámidé? Ó ti jáde láti àárọ̀. Ṣé ẹ̀yin ni bàbá ẹ̀?"

"Èmi ni."

"Ó dúró dè yín o. A ní kó lọ jókòó sábẹ́ ibòji, ó ní rárá, ẹ lè má rí òun. Gbogbo ọkọ̀ aláwọ̀ eérú tó ń bọ̀ ló ń na ọwọ́ sí."

"Ibo ló wá lọ?"

"Ẹnìkan tó ń jẹ́ Ebikabowei wá mú àbúrò tiẹ̀ tí a tú sílẹ̀ lónìí kan náà. Wọ́n wo ọmọ yín títí, àánú ẹ̀ ṣe wọ́n. Wọ́n ní kó bá àwọn sọdá sí Snake Island, pé iṣẹ́ wà níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe. Ó kọ́kọ́ kọ̀." Wọ́dà náà wo ọkọ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Ọkọ̀ yín mọ́ o, Baba."

Yínúsà gbé gíláàsì sókè, ó wà á padà sí Ajégúnlẹ̀. Àwọn obìnrin méjì kan tó jókòó sí ojúde dìde nígbà tí wọ́n rí ọkọ̀ náà. Ó bọ́ sílẹ̀ lóun nìkan, ó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n padà jókòó.

Ní báyìí, ó máa ń wa ọkọ̀ náà lọ sí èbúté kékeré kan lẹ́yìn Tin Can ní ọjọ́ Àìkú, níbi tí àwọn tó ń lọ sí Snake Island ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi. Yóò gbé ọkọ̀ dúró sórí ìyẹ̀pẹ̀, yóò jókòó sínú rẹ̀, yóò kọjú sí omi. Tari tó ń tu ọkọ̀ níbẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

"Baba, ọmọ yín ní kí n kí yín. Ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó irin mọ́ irin. Ó ti sanra díẹ̀."

"Ṣé ó ní òun ń bọ̀?"

"Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ń bọ̀."

Yínúsà fi ọwọ́ nu eruku ara gíláàsì.

"Ó ku ẹnìkan ṣoṣo kí n ṣí. Ẹ wọlé, mi ò ní gbowó lọ́wọ́ yín."

Yínúsà ṣí ilẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn wo ọkọ̀ rẹ̀.

"Ta ló máa bá mi ṣọ́ ọ?"

Tari dúró díẹ̀. Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n ẹja òfìfo sáré dé, ó bọ́ sí àyè náà, wọ́n sì lọ. Yínúsà gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ padà sínú ọkọ̀.