Redio Ọkọ̀ Amparo

Ọjọ́ tí Eleuterio tó ń tún redio ọkọ̀ ṣe dá ọkọ̀ ìyàwó kan dúró lójú títì ni gbogbo ìhà ìwọ̀-oòrùn San Antonio mọ̀ ọ́n. Àlùfáà ti ń retí wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, orin ń dún nínú ọkọ̀, ọkùnrin yìí bá lọ dúró gbagidi níwájú rẹ̀.

"Ẹ dúró! Redio yẹn ń kùn bí ẹ̀fọn!"

"Eleuterio, ọmọ mi ń lọ ṣègbéyàwó!" Bàbá ìyàwó nìyẹn.

"Pẹ̀lú ariwo yìí? Ẹ ò tiẹ̀ tijú!"

Kí wọ́n tó fèsì, ó ti wọ abẹ́ àga. Ó tú wáyà ẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dè mọ́ ara ọkọ̀, ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà ara irin títí irin fi ń dán, ó dè é padà. Ariwo pa rọ́rọ́. Ìgbà tí ìyàwó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì la tó mọ̀ pé ó ti de ìbòjú ọmọ ọlọ́mọ mọ́ wáyà.

"Ha ọ̀dà!" lọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. "Iná kì í gba inú ọ̀dà kọjá." Fádà wọ́n omi mímọ́ sí redio tiwọn títí, ó sú wọn. Eleuterio ní, "Fádà, ẹ kú àdúrà. Ẹ gbé ọ̀bẹ wá."

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Amparo ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Fèrèsé rẹ̀ kì í wà ní títì nítorí ooru. Tó bá ti tẹ iná mọ́ ọn ní kọ́nà báyìí, redio á ní fíììì! Ajá gbogbo àdúgbò á dìde.

"Ìwọ tó ń tún ti gbogbo ayé ṣe, ìgbà wo ló máa kàn mí?"

"Amparo mi, tìrẹ le. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà."

"Redio wo ló lẹ́jẹ̀, òpùrọ́?"

Ó dùn ún dénú. Ìgbà tí Eleuterio kú, lẹ́yìn ìsìnkú, ohun tó ń sunkún sí nìyẹn: "Ṣé mi ò tó ẹni tí wọ́n ń ṣe redio fún ni?"

Nacho, tí òun àti Eleuterio jọ ń figa gbága nídìí iṣẹ́ yìí, ní òun á bá a ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wọ abẹ́ àga, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀dà rèé! Ó nipọn bí búrẹ́dì! Ọkọ yín fúnra rẹ̀ ló kùn ún!"

"Kí ló dé tó fi kùn ún?"

Àwa ará àdúgbò kúkú mọ̀. Láti ìgbà tí dókítà ti ní kó má jẹ awọ ẹlẹ́dẹ̀ díndín mọ́, tí Amparo ká a mọ́ ọn, tó sì sunkún mọ́jú, Eleuterio ní òun lè fara da ikú, òun ò lè fara da ẹkún yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè fi awọ sílẹ̀.

"Ìyá," ni Nacho wí, "tí ẹ bá ti dún fíììì ní kọ́nà, ó ti mọ̀ pé ẹ ń bọ̀ nìyẹn; inú àpótí sípíkà ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló máa ń ju awọ sí."

Amparo lọ ṣí àpótí. Awọ ẹlẹ́dẹ̀ kan wà níbẹ̀, ó ti gé e jẹ dé ìdajì. Obìnrin yìí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Olè!" ló ń wí. "Olè mi!"

Nacho yọ ọ̀bẹ, ó fẹ́ máa ha ọ̀dà.

"Kúrò níbẹ̀," ni Amparo wí.

Tó bá ń lọ síbi sàréè lọ́jọ́ Ìsinmi báyìí, bó bá ti dé ẹnu géètì, á tẹ iná mọ́ ọkọ̀ dáadáa. Fíììì! Á wá rọra wọlé, kí Eleuterio ráyè gbé awọ rẹ̀ pamọ́.