Àgbálùmọ̀ Mẹ́fà Màmá Ṣùbòmí

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ni pé Màmá Ṣùbòmí ń lọ bọ́ra sílẹ̀ fún àwọn ayàwòrán ní Yábàá. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, ìyá ìjọ! Àwa tí a jọ ń gbààwẹ̀ gba ìdajì ọ̀rọ̀ náà gbọ́, a sì fi ìdajì yòókù sínú àdúrà.

Lótìítọ́, èso ni Làbákẹ́, Màmá Ṣùbòmí fúnra rẹ̀, ń lọ yà. Ọdún 1988 ni. Ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti kúrò nílé, ilé sì dákẹ́ jù, ló bá forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ọ̀sán Sátidé tí Ọ̀gbẹ́ni Benjamin Ìbíkúnlé ń ṣe lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, níbi tó ti ń kọ́ àwọn àgbà láti fi ọ̀dà tí wọ́n fi òróró pò yàwòrán.

Tíṣà yìí ti dé Lọ́ńdọ̀nù rí, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Ápù oníke àti gíréèpù oníke tó gbé bọ̀ láti ibẹ̀ ló ń tò sórí tábìlì. Oṣù méjì gbáko ni Làbákẹ́ fi ya èso tí kò rùn, tí kò sì ṣeé jẹ. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, ó kọ́ nǹkan. Ó kọ́ pé ọ̀dà fẹ́lẹ́ ló ń ṣáájú èyí tó ki. Ó kọ́ pé òjìji ọsàn kì í ṣe dúdú, pé búlúù wà nínú rẹ̀.

"Gbogbo ọsàn tí mo ti rà láyé mi," ló ń sọ nílé, "n ò rí búlúù yìí rí."

Nígbà tí Tíṣà kéde pé àwòrán tó bá dára ni wọn yóò gbé kọ́ sára ògiri kí aráyé wá wò ó, Làbákẹ́ kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ tó ti di ìyá, iṣẹ́ tiwọn ló ń lọ wò nílé ìwé. Ó tó àkókò kí àwọn náà wá wo tirẹ̀.

Ó ra àgbálùmọ̀ mẹ́fà, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó tò wọ́n bí ẹni tó fẹ́ tà wọ́n: ojú tó dára síwájú, ojú tó ti rà sẹ́yìn. Ó tún fi ìpara ra wọ́n lára, bó ṣe máa ń ra ẹsẹ̀ àwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe jókòó lára wọn!" ni Tíṣà kígbe.

Làbákẹ́ ò jẹ́wọ́. Ó kàn dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.

Ó fi wọ́n sílẹ̀ lórí tábìlì kí ọ̀dà àkọ́kọ́ lè gbẹ. Ní Sátidé kejì, márùn-ún ló bá.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹnì kan ti mú ọ̀kan o."

"Èmi ni, Mà. Mo jẹ ẹ́ ni."

"Ẹ jẹ ẹ́?"

"Torí ìtòlẹ́sẹẹsẹ ni, Mà. Mẹ́fà ò dáa, ojú á pín in sí méjì ọgbọọgba, á sì sùn. Márùn-ún ló ń jẹ́ kí ojú rìn."

"Ìtòlẹ́sẹẹsẹ ti wá hu eyín?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mabel, nọ́ọ̀sì tó jókòó tì í, fi àkísà ọ̀dà bo ẹnu.

"Ṣé ó dùn?" Làbákẹ́ bi Tíṣà.

"Ó dùn, Mà. Nǹkan kan ló kàn ń yọ̀ lára ẹ̀..."

"Ìpara ẹsẹ̀ ni."

Tíṣà fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹnu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dé Lọ́ńdọ̀nù kì í tètè juwọ́ sílẹ̀. Ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, ó sún mọ́ àwòrán. "Ẹ jẹ́ kí n ha ìkẹfà kúrò, Mà. Tó bá ku márùn-ún, màá gbé e kọ́. Tó bá jẹ́ mẹ́fà, kò ní dé ògiri mi."

Làbákẹ́ wo ìkẹfà. Òun gan-an ló yà dáadáa jù.

"Lẹ́tà mẹ́fà ni mo kọ. Èwo nínú wọn ni kí n sọ fún pé tíṣà ti jẹ tiẹ̀?"

"Mà, ẹ má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ẹbí. Ní Lọ́ńdọ̀nù..."

"Ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣé wọ́n ń jẹ ápù oníke ni? Ọmọ yìí, gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀!"

"Òfin iṣẹ́ ni, Mà. Nǹkan tó bá ti pé méjì-méjì..."

Làbákẹ́ gbé àwòrán tútù náà kúrò lórí igi tí wọ́n gbé e tì, ó kọ ojú rẹ̀ síta kó má bàa kan aṣọ, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ ti ilẹ̀kùn ṣí.

"Ẹ dúró, Mà! Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé márùn-ún yẹn fún yín, torí ojú èèyàn, tó bá ti..."

Màmá Ṣùbòmí ti dé àárín àtẹ̀gùn.