Ìpéré Inú Ọbẹ̀ Ìyá Ọkọ Mi

Bí òjò bá ti dá, tí mo rí ìpéré, àwọn ìgbín kéékèèké wọ̀nyẹn, lára ògiri ilé mi ní Adó, ìyá ọkọ mi àtijọ́ ni mo máa ń rántí. Ìyìn ló ń gbé. Píìnì kan kì í kúrò lára bùbá rẹ̀; òun ló fi ń yọ ẹran ìpéré nínú ìkarahun tó bá ti bọ̀ ọ́ tán.

Ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn ìpéré. Síbẹ̀, láti ìgbà tí mo ti wọlé wọn, bí mo bá na ọwọ́ sí i, á gbá ọwọ́ mi kúrò.

"Ìyàwó, fi sílẹ̀. Ta ló mọ̀ bóyá o ti lóyún? Èmi ò fẹ́ ọmọ-ọmọ tí á máa da itọ́ sí mi láyà."

Ẹja ni á bù sí àwo tèmi, á sì wo ikùn mi kó tó wo ojú mi. Inú máa ń bí mi. Ọdún ń gorí ọdún, oyún ò dé, kò sì jẹ́ kí ìpéré kàn mí lẹ́nu.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo yà kí i. Ó gbé iyán síwájú mi. Ìpéré ló kún inú ọbẹ̀.

Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ bu ìpéré fún mi?"

"Jẹun, ìyàwó."

Kò wo ikùn mi. Kò wo ojú mi náà.

Mo jẹ ẹ́ tán. Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ń kálòlò pé òun ti fún obìnrin kan lóyún. Mo ní kó sinmi ẹnu, ìyá rẹ̀ ti bu ọ̀rọ̀ náà mọ́ ìpéré fún mi jẹ.